Fi Ọ̀nà Rẹ Sílẹ̀ Sílé Kí O Tó Dá Gun Òkè

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí paramọ́lẹ̀ bá ṣáájú, tí ọká tẹ̀ lé e, tí òjòlá wá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? N kì í dá dé ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè kí ẹnì kan má fi òwe yìí kí mi káàárọ̀. Bí kò bá jẹ́ Màmá tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́bàá ọ̀nà, á jẹ́ ọlọ́kadà tó gbé mi dé. "Tíṣà, ẹ̀yin nìkan náà lẹ tún dé yìí?" Èmi á rẹ́rìn-ín, màá ní, "Èmi àti Ọlọ́run ni, Màmá." Wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á máa yí ẹ̀kọ wọn lọ.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní jọ́gíráfì. Sátidé tí kò bá ti sí ìdánwò, tí kò sì sí ìnáwó ẹbí, òkè ni mò ń lọ. Ìdànrè ni mo gùn jù, nítorí Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n mo ti dá gun òkè Adó-Àwáyé lọ wo adágún Ìyakẹ̀ tó jókòó sórí àpáta bí omi inú àwo, mo sì ti bá omi Olúmirìn gòkè ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà láti ìpele kan dé òmíràn. N kò ní parọ́, mo fẹ́ràn kí n dá lọ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá jọ gun òkè, ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti owó epo ni wọ́n á máa sọ títí wọn á fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó dá wà ló ń gbọ́ ohùn ẹyẹ, òun ló sì ń tètè mọ̀ pé atẹ́gùn ti yí padà.

Síbẹ̀, òwe ejò yẹn kì í ṣe irọ́. Ìyà díẹ̀ ló jẹ́ kó yé mi pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ la fi ń rìn pọ̀. Ẹni tó bá máa dá gun òkè gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan nílé tó mọ ibi tó gbà lọ, tó mọ wákàtí tó yẹ kó dé, tí ara rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ bí wákàtí yẹn bá kọjá.

Ọdún 2011 ni, nínú oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá ti dé Ìdànrè mọ̀ pé àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn ń gùn, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà, kó tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ojú oórì àwọn ará ìgbàanì náà wà níbẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ẹ̀rù kì í ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà là, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pariwo, ẹni tó ń mú àlejò káàkiri ń sọ ìtàn. Ẹ̀yìn ìlú àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Àpáta tẹ̀ lé àpáta, igbó dí sí àfonífojì tó wà láàárín wọn, ọ̀nà oko nìkan ló sì kù. Ọ̀nà oko yìí lè pínyà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí gbogbo rẹ̀ sì jọra.

Aago kan ọ̀sán ti kọjá nígbà tí mo rí àpáta kan lọ́ọ̀ọ́kán tí n kò tíì dé rí. Mo ní wákàtí kan péré ni, màá lọ, màá bọ̀. Mo dé orí rẹ̀ ní aago mẹ́ta. Ìgbà tí mo yíjú sí ìlà oòrùn ni mo rí ìkùukùu dúdú tó wú bí ìyẹ̀fun inú omi gbígbóná. Èmi tí mo ti kọ́ àìmọye ọmọ pé apá ìlà oòrùn ni òjò oníjì tiwa ti máa ń wá, pé atẹ́gùn tútù ló máa ń ṣáájú rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo kọ sí ìlà oòrùn láti àárọ̀.

Mo sáré. Nínú eré yẹn ni mo gba orí ìlà dúdú kan kọjá lára àpáta. Ẹ ti rí àwọn ìlà dúdú tó máa ń ṣàn wálẹ̀ lára àpáta wa bí ẹni da àdín sí i? Ojú ọ̀nà omi òjò ni. Ohun ẹlẹ́mìí kékeré tí ojú kò lè dá rí ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá gbẹ, kò sí bàtà tí kò ní dì í mú. Bí ó bá tutù, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Ẹ̀kán òjò díẹ̀ ló tíì bọ́ sí i nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi lọ, ìdí mi tẹ̀ lé e, igi wẹ́wẹ́ kan ló sì dá mi dúró nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo mọ̀ pé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti rọ́.

Mo yọ fóònù. Kò sí nẹ́tíwọọ̀kì, bátìrì sì ti ń tán lọ, nítorí gbogbo ọjọ́ ló ti fi ń wá nẹ́tíwọọ̀kì kiri nínú àpò mi. Mo wá bi ara mi pé, ta ló mọ̀ pé mo wà níbí? Àárọ̀ yẹn, mo kọjá lára àbúrò mi nínú pálọ̀, mo ní, "Mo ń jáde o." Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, Àǹtí." Ọjà Ọba lè jẹ́ "mo ń jáde." Ìbàdàn náà lè jẹ́ "mo ń jáde."

Òjò rọ̀ dé bí ẹní da omi. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Mo kígbe títí ohùn mi fi há, òjò gbé e mì. Mo ní ìgò omi onírin kan lọ́wọ́. Mo mú òkúta, mo ń lù ú: kọ̀, kọ̀, kọ̀, màá dákẹ́ díẹ̀, màá tún lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò mọ iye ìgbà. Aago mẹ́fà ti ń súnmọ́ kí n tó gbọ́ ohùn nísàlẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni o, Bàbá! Mo ṣubú ni!"

Bàbá kan tó ń bọ̀ láti oko kòkó ni. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi àdá gé igi kan, wọ́n tún orí rẹ̀ ṣe kí ó má bàa gún mi lábíyá. Kí wọ́n tó fà mí dìde, wọ́n bi mí léèrè kan: "Ọmọ mi, ta lo sọ fún pé ibí lo máa gbà?"

N kò rí èsì fọ̀.

Wọ́n ní, "Àwa tí à ń dẹ̀gbẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Bí a ṣe ń tiro lọ ni wọ́n ń ṣàlàyé fún mi. Ọdẹ tó bá ń lọ sóko ọdẹ á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé apá ibi báyìí ni òun ń lọ, ọjọ́ báyìí ni kí wọ́n máa retí òun. Bí ó bá dé oríta, á ṣẹ́ ewé tútù, á kọ orí rẹ̀ sí ibi tí òun yà sí. Bí ọjọ́ bá pé tí wọn kò rí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní máa wá a káàkiri bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ewé ni wọ́n á máa tẹ̀ lé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìwé kí n tó gbéra. Ojú ewé kan ni, mo sì máa ń kọ ọ́ ní méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Màmá ẹlẹ́kọ. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí: "Sátidé. Mo kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Màá gba orí àtẹ̀gùn dé ìlú àtijọ́, màá yà sápá ọ̀tún lẹ́yìn ààfin, màá dé orí àpáta kejì. N kò ní kọjá ibẹ̀. Ẹ̀wù pupa, báàgì dúdú. Màá ti sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí aago mẹ́rin bá lù tí ẹ kò gbúròó mi, ẹ wá àwọn ọdẹ ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má dúró di ọ̀la."

Gbólóhùn tó wúlò jù nínú rẹ̀ ni "N kò ní kọjá ibẹ̀." Òun ló ń fà mí lẹ́wù sẹ́yìn nígbà tí àpáta kẹta bá ń pè mí. Ibi tí n kò kọ sínú ìwé, n kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, àfi tí mo bá rí nẹ́tíwọọ̀kì pe ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọ òkè lèyí, kó wo Aron Ralston ní Amẹ́ríkà. Ògbóǹtarìgì agunkè ni, kì í ṣe ọmọ ìkókó nídìí iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, ó dá lọ sínú àfonífojì àpáta tóóró kan ní ìpínlẹ̀ Utah, òkúta ńlá yí, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara àpáta. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnì kankan. Wákàtí 127 ló lò níbẹ̀, títí tó fi fi ọ̀bẹ kékeré gé ọwọ́ ara rẹ̀ kó lè yè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 2013, ìyá àgbà kan tó ń rin ọ̀nà gígùn Appalachian ní ìpínlẹ̀ Maine yà kúrò lójú ọ̀nà láti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà padà mọ́. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, fóònù kò gbé e lọ. Ó kéré tán, ọjọ́ 26 ló lò láàyè nínú àgọ́ rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n tó rí egungun rẹ̀, níbi tí kò tó máìlì méjì sí ojú ọ̀nà. Ní tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ mọ ọ̀nà tó ń rìn, wọ́n sì wá a gidigidi. Igbó ló dí jù. Nítorí náà, bí ara bá fẹ́ kí o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ojú ọ̀nà kúrò lójú rẹ. Kò sí ẹni tó ń wò ọ́ lórí òkè. Ìtìjú ibẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé, aago ló kàn. Ilẹ̀ tiwa kì í rọra ṣú. Àwọn tó wà ní Ìlú Ọba mọ ìrọ̀lẹ́ ìgbà ooru tó ń fà títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Níbí, bí oòrùn bá ti wọ̀, ìdajì wákàtí kò ní pé kí o má lè rí ibi tí o fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo máa ń yan wákàtí ìpadà kí n tó kúrò nílé, aago kan ọ̀sán ló sì máa ń jẹ́. Bí aago kan bá lù, tó ku ìwọ̀n òkò kan kí n dé orí, màá yí padà. Ó máa ń dùn mí. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló níṣẹ́, ẹni tó fi orí tì í dópin ló ni ín. Òwe oko àti ilé ìwé nìyẹn. Lórí òkè, òwe mìíràn ni mo ń lò: akínkanjú tó mọ̀ jà tí kò mọ̀ sá ní í bógun lọ. Àpáta yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá wa, á ṣì wà níbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ní ti àpáta fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ìlà dúdú tí mo ti sọ, ẹ fetí sí i. Àpáta wa máa ń bó lábala lábala bí èèpo àlùbọ́sà. Mo máa ń fi ọ̀pá mi kan ilẹ̀. Bí ó bá dún gan-an bí ilẹ̀ tó le, mo ń lọ. Bí ó bá dún bí ìlù tó ṣófo, abala kan ti ṣí kúrò lára ìyókù nìyẹn, màá gba ibòmíràn.

Bí mànàmáná bá kọ, mo máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí ó bá ti wọ 30 wá sísàlẹ̀, kò yẹ kí èèyàn ṣì wà lórí àpáta pípá, nítorí níbẹ̀, ìwọ gan-an ni igi tó ga jù. Sọ̀ kalẹ̀ sí àárín igbó tí igi rẹ̀ dọ́gba. Má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá dúró, kí o má sì fẹ̀yìn ti ara àpáta.

Ejò ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ejò kò wá ìjà. Ọká àti paramọ́lẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ sínú ewé gbígbẹ ni, wọ́n kì í tètè sá. Bí igi wó dí ọ̀nà, gun orí rẹ̀ kọ́kọ́, wo ẹ̀gbẹ́ kejì, kí o tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Má ki ọwọ́ bọ ihò àpáta tí ojú rẹ kò dé. Àjọ elétò ìlera lágbàáyé ṣírò pé èèyàn tó tó 81,000 sí 138,000 ni oró ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ òògùn tó ń pa oró náà wà. Bí ó bá bù ọ́ jẹ, má fi abẹ sín in, má fi ẹnu fà á, má fi okùn dè é pinpin. Yọ òrùka àti bàtà, jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí o bá dá wà, ta ni yóò gbé ọ? Ọ̀rọ̀ tún padà sídìí ìwé tí o fi sílẹ̀.

Ó kan èèyàn. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún 2020 nítorí ìjínigbé tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó wa. N kò tún gun òkè kankan mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú pé báwo ni ọ̀nà. Bí Màmá ẹlẹ́kọ bá ní, "Tíṣà, ẹ fi tòní sílẹ̀," ẹ̀kọ ni màá rà, màá padà sílé, n kò ní béèrè ìdí. Bí ọkùnrin tí n kò mọ̀ bá sì bi mí lójú ọ̀nà bóyá èmi nìkan ni, irọ́ funfun ni mo máa ń pa fún un: "Àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn." Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwòrán tí ẹ yà lórí òkè, ẹ jẹ́ kí ó dúró kí ẹ délé kí ẹ tó gbé e sórí Facebook. Lóru, àwọn ọdẹ náà wà nínú igbó pẹ̀lú iná níwájú orí àti ìbọn lọ́wọ́, ohun tó bá mì nínú òkùnkùn lè jọ ẹran lójú wọn. Ìdí mìíràn nìyẹn tí alẹ́ kò fi gbọdọ̀ bá ọ níbẹ̀.

Báàgì mi kò wúwo. Omi inú ọ̀rá mẹ́fà, tí í ṣe lítà mẹ́ta. Dòdò ìkírè tàbí àkàrà. Tọ́ọ̀ṣì, kódà bí mo bá fẹ́ padà ní ọ̀sán. Báńdéèjì, ẹ̀wù òjò, ìṣáná tí mo fi ọ̀rá wé. Fóònù mi máa ń wà ní pípa títí màá fi nílò rẹ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba. Fèrè kékeré kan sì wà lọ́rùn mi, irú èyí tí tíṣà eré ìdárayá máa ń fọn. Lórí àwọn òkè Yúróòpù, ìfọn mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, kí a tún bẹ̀rẹ̀, ni àmì pé ẹnì kan wà nínú wàhálà. Ohùn èèyàn tètè ń há. Fèrè kì í há.

Àwọn kan á ní ṣebí ògbójú ni Akára-ògùn nínú ìwé Fágúnwà tó jáde lọ́dún 1938, ó dá wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba rán an sí Òkè Láńgbòdó, ó kó àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ni. Èmi náà ní Láńgbòdó tèmi. Ibi tí n kò tíì dé rí, n kì í dá a lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà òjò, n kì í dá kọjá ìlú àtijọ́. Olúmirìn, n kì í dá kọjá ìpele kejì mọ́, nítorí àpáta ibẹ̀ kì í gbẹ.

Bàbá olóko kòkó yẹn ti dolóògbé. Màmá ẹlẹ́kọ ṣì wà, wọ́n ṣì ń fi òwe ejò kí mi. Wọ́n á gba ìwé mi, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìkòkò mọ́ínmọ́ín, wọ́n á wo ojú oòrùn. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ yà sí, kí n gba ìwé mi padà kí n tó mu omi. Ìwọ tó ń ka èyí, tí o ti wọ bàtà, tí o ti gbé báàgì kọ́ èjìká, dákun, padà sínú ilé. Wá bébà, kọ ibi tí o ń lọ àti wákàtí tí o máa dé, kí o fi lé ẹnì kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, máa lọ. Òkè á gbè ọ́.